Àsìkò Àwọn Obìnrin ní Jíìmù

Ọmọ ni mo wá wẹ̀ ní Minna. Bí ọmọbìnrin ẹni bá bí àkọ́bí, ìyá ní láti lọ, a kì í dúró kí wọ́n pe ni lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó ìró àti bùbá díẹ̀ sínú báàgì, mo di ọṣẹ dúdú àti òrí mọ́ ọn, mo sì sọ fún àbúrò mi Àdùkẹ́ pé kó máa bá mi gbá ojúlé, pé bí ọrùn ọmọ bá ti le, n óò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọ̀hún ti ń sáré báyìí. Ó ti ń bá mi jiyàn nídìí oúnjẹ. Èmi ṣì wà níbí.

Àwọn kan á ní ṣé Minna náà ni àjò. Òótọ́ ni pé n kò kọjá òkun, afárá odò Ọya nìkan ni ọkọ̀ wa gùn kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tí o bá ti fẹ́ ra iyọ̀ tí o ní láti fi ìka tọ́ka sí i bí odi, àjò ni. Ibi tí o bá ti kí ènìyàn "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" tó dáhùn "Yawwa, sannu," tí ẹ wá ń wo ara yín lójú nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ní tán, àjò ni.

Fọlákẹ́ ọmọ mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Adémọ́lá ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Tayi Village ni wọ́n kọ́lé sí, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ lọ, á wá ku èmi àti Mofẹ́, ọmọ náà, àti odi búlọ́ọ̀kù tó yí wa ká.

Nílé, gàrí ni mo ń dín. Láti oko dé ibi tí a ti ń fún ẹ̀gẹ́, láti ibẹ̀ dé ìdí iná, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi. Ní Minna, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, gáàsì wà nínú ilé ìdáná, ọmọ ń sùn. Mo jókòó. Mo jókòó títí ìjókòó fi di iṣẹ́ mi.

Mo gbìyànjú àtijáde o. Nígbà tí Mofẹ́ ti lè gbé orí dúró, mo pọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kan, mo ní kí n rìn dé òpin àdúgbò kí n padà. Ìgbà tí mo yí padà, gbogbo odi jọ ara wọn, gbogbo géètì dúdú. Mo rìn síhìn-ín, mo rìn sọ́hùn-ún. Mo rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n jókòó síwájú ilé wọn, mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí ní nǹkan, n kò gbọ́. Mo ní "Fọlákẹ́, Fọlákẹ́," bí ẹni pé gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n bu omi fún mi, ọ̀kan gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó ń gbé e jó. Wọn kò ṣe mí ní ibi kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ibẹ̀ ni Fọlákẹ́ bá wa ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń bá wọn ṣa ìrẹsì, tí ó sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí ìyá rẹ̀ gbé.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ mọ bí ayé ṣe rí nísinsìnyí. Ẹ ò gbọ́ èdè. Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wí fún Àǹtí Àdùkẹ́?"

Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi pé n kò ní dá jáde mọ́. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìkà ló fi tì mí mọ́lé, mo mọ bí a ti í bá ìkà jà. Ìfẹ́ ni. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá ìyẹn jà?

Àdùkẹ́ máa ń pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń sọ Hausa?"

"Ta ni n óò máa bá sọ ọ́? Mofẹ́?"

"Wọ́n ní ẹ ti sanra. Mo rí fọ́tò yín lórí fóònù ọmọ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kún."

"Mo ń jẹun dáadáa."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́. Ẹ wò ó, kajú ti so, àwọn ọmọ ń sọ òkò sí i. Ìyá Dáre ní kí n bi yín pé ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀, ó ní àbí ẹ ti di ará Òkè Ọya."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti pa fóònù, ilé á dákẹ́, á wá dà bí ẹni pé ṣe ni mo lá àlá Àdùkẹ́. N kì í sọ fún un pé mo há. Ẹni tó ń jẹ ẹran lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wẹ aṣọ fún, tí ọmọ rẹ̀ ń pè ní "Màmá mi àtàtà," báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun há?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Yorùbá ni a fi ń kọrin. Àwọn tó wà níbẹ̀, bàbá bàbá wọn ló bá iṣẹ́ rélùwéè dé Minna. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n pe ara wọn, àwọn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìlú mi gan-an. Mo ní kí n bi wọ́n léèrè agbo ilé, wọ́n ní àwọn kò tíì débẹ̀ rí. Bí ìsìn bá parí, Hausa ni àwọn ọmọ wọn fi ń lé ara wọn kiri lábẹ́ igi. Ìlú tiwọn ni wọ́n wà. Èmi ni àlejò láàrin àwọn tí a jọ ń kọ orin kan náà. Àwọn ará ilé sì ti ń pè mí ní ará Òkè Ọya. Nígbà náà, èmi ará ibo ni? Mo bi ara mi, mo lọ gbé omi kaná.

Ara tó kún tí Àdùkẹ́ ń yìn, àìsàn ni. Dókítà ní ìtọ̀ súgà ti wọlé, òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ òsì mi máa kú. Ó kọ oògùn, ó wá ní ohun tó ju oògùn lọ ni pé kí n máa rìn. Fọlákẹ́ wo ilẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Níbo ni n óò ti rìn?

Fọlákẹ́ náà ló rántí jíìmù yunifásítì wọn. Ó ní àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ lè lò ó, pé ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí wọ́n má yọ ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gbé mi lọ, á padà gbé ọmọ sílé, á tún wá mú mi. Nígbà yẹn, kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ obìnrin.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín nígbà tí mo wọlé. Àwọn ọmọbìnrin tó lókun ń gbé irin, wọ́n sì ń dá a padà síbi tí wọ́n ti gbé e. Mo dúró wò wọ́n. Mo fi ọwọ́ bi ẹni tó wà nítòsí mi pé níbo ni irin yìí ń lọ.

Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Hauwa ni orúkọ rẹ̀, Nupe ni, láti Bida, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ti gbé ní Ìlọrin lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ rí, Yorùbá rẹ̀ sì yára ju ti Mofẹ́ lọ, àmọ́ kò mọ "ẹ" rárá, "o" ló fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀.

"Kaka, kò lọ síbì kankan," ó ní. Kaka ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lédè Hausa. "Ara rẹ lo ń gbé."

"Wọ́n fi owó iléèwé kọ́ yín ní ẹrù gbígbé?"

"Kaka, o máa gbé e lónìí."

Ladi ló ń ṣọ́ wa níbẹ̀, ọmọ Gbagyi, obìnrin gíga tí èjìká rẹ̀ tó ti géńdé ọkùnrin. Bí àsìkò obìnrin bá ti tó, á ti ilẹ̀kùn, á na aṣọ bo gíláàsì ojú fèrèsé, àwọn ọmọ náà á sì ṣí híjáàbù kúrò lórí. Irun yóò jáde, apá yóò jáde. Ọ̀kan ní ojú àpá iná láti èjìká dé ìgúnpá, n kò ní mọ̀ láéláé bí mo bá pàdé rẹ̀ níta. Èmi náà bọ́ ìró mi. Fọlákẹ́ ti ra ṣòkòtò fún mi, aṣọ rírọ̀ kan. Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí, n kò wọ ṣòkòtò rí láyé mi, n kò sì ní wọ̀ ọ́ lójú ọkùnrin. Ladi wò mí láti òkè délẹ̀, ó sọ nǹkan, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?" mo bi Hauwa.

"Ó ní o dà bí afẹ̀ṣẹ́jà."

Ẹ̀rọ ìrìn ni wọ́n fi mí sí. Rọ́bà gbọọrọ ni, ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, ìwọ náà á máa rìn lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí kò lọ síbì kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo di irin mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. "A hankali, Kaka," ni Ladi ń wí, ìyẹn ni pé kí n rọra. Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Nígbà tó tún pẹ́, mo fi méjèèjì sílẹ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, mo sì kan sáárá sí ara mi nínú.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ Hausa tí mo gbọ́. Hausa ti ara ni. Mo mọ ƙafa, ẹsẹ̀. Mo mọ gwiwa, orúnkún. Baya ni ẹ̀yìn, hannu ni ọwọ́. N kò lè ná tòmátò títí di òní, ṣùgbọ́n bí orúnkún bá ń dun obìnrin kan ní Minna, ó lè sọ fún mi, n óò gbọ́. Wọ́n máa ń bi mí nípa oyún, nípa ìyá ọkọ, nípa nǹkan oṣù tó ń pẹ́. Hauwa á túmọ̀. Mo ń dáhùn lórí ẹ̀rọ, mo ń mí, mo ń dáhùn.

Mo máa ń rò ó nígbà náà. Ilẹ̀kùn tì níbí, ilẹ̀kùn tì nílé. Nílé, fèrèsé ṣí sílẹ̀, oòrùn ń wọlé, mo sì há. Níbí, aṣọ bo gíláàsì, n kò rí ìta, àyà mi sì fẹ̀. N kò mọ bó ṣe jẹ́. Bóyá ẹni tó tì í ló ń fa ìyàtọ̀.

Àwọn ọkùnrin kò fẹ́ ẹ. Mo mọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń jókòó síta dè wá, wọ́n á gbé bàtà ìsáré sórí itan. Agbẹnusọ wọn ni Túndé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Tunga, ní Minna níbí. Ọmọ dáadáa ni. Bí mo bá jáde, á tẹrí ba.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Wallahi, ẹ̀yin lẹ lágbára jù níbẹ̀."

"Ṣe ẹ ti ń dúró tipẹ́?"

"A ti ń dúró. Màmá, ẹ̀yin ẹ gbọ́ ná. Gbogbo wa la jọ san owó. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ibẹ̀? Àwa ńkọ́, ẹ wò wá, bí àwọn tó ń dúró de ìyàwó. Ìrọ̀lẹ́ nìkan la ráyè."

Mo gbọ́ ọ. N kò lè pe irọ́ mọ́ ọn. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, wọ́n ní àwọn Mùsùlùmí ló fẹ́ fi ẹ̀há sínú yunifásítì. N kò dá sí i. Wọn kò mọ ẹni tó wọ ṣòkòtò nínú ẹ̀há náà.

Ariwo náà dé etí àwọn aláṣẹ, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Fọlákẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀. Àárín oúnjẹ alẹ́ ló ti sọ fún wa pé òun fẹ́ kí wọ́n fòpin sí i.

"Ìwọ?" mo ní.

"Màmá, ẹ fetí sílẹ̀. Lónìí, jíìmù. Lọ́la, ilé ìkàwé. Lọ́túnla, wọ́n á ní kí obìnrin máa jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, obìnrin kò pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wa rárá. Bí wọ́n bá yà wá sọ́tọ̀ ni, ṣé mo máa dé ibi tí mo dé?"

"Ẹnì kan kò bọ́ ìró ní kíláàsì yín."

Adémọ́lá wúkọ́ sínú ọbẹ̀. Fọlákẹ́ kò wò ó.

"Àwọn ọkùnrin ló yẹ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ojú wọn. Kì í ṣe àwa ló yẹ kí wọ́n máa fi aṣọ bò mọ́lẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ," mo ní. "Títí wọn yóò fi kọ́ ọ, níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ mi sí?"

"Ẹ máa lọ nígbà tí gbogbo ayé ń lọ. Èmi náà máa bá yín lọ."

"Fọlákẹ́, ìwọ tí o kì í ráyè jẹun."

Ó dìde, ó kó àwo. N kò bínú sí i. Ohun tó ń bá jà wà lóòótọ́, èmi náà mọ ojú rẹ̀. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ ní kó fi ìwé sílẹ̀ wá bá mi dín gàrí, èmi ni mo kọ̀. Ọmọ tí mo kọ́ láti má gbà kí wọ́n tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló wá ń bá mi jà báyìí nítorí ilẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n dá ìrọ̀lẹ́ obìnrin dúró ná, kí tọkùnrin tobìnrin jọ máa lò ó, kí àwọn fi wò ó. Ladi ká aṣọ ojú fèrèsé. Hauwa pè mí.

"Kaka, bàbá mi ní kí n má lọ mọ́. Nítorí àsìkò obìnrin ló fi gbà tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Kaka. Tí wọ́n bá ní kí n wá, mi ò ní wá. Tí wọ́n bá ní kí n má wá, inú ń bí mi."

Fọlákẹ́ ní kí n lọ. Ó ní bí ènìyàn kò bá bẹ̀rẹ̀, ojú kì í là. Mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo lọ. Orin ń dún bí ẹní ń lu páànù, àwọn ọmọkùnrin pọ̀, irin ń ró. Wọn kò ṣe nǹkan kan fún mi, ṣe ni wọ́n ń yà fún mi bí ẹni pé mo gbé ẹyin. Musa tó ń ṣọ́ wọn, ọmọ Hausa, fi ọ̀wọ̀ mú mi lọ síbi ẹ̀rọ. N kò bọ́ ìró. Ìró náà ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fi ọwọ́ kan mú un sókè, mo fi ọwọ́ kejì di irin mú.

Ibẹ̀ ni mo wà tí àna mi fi wọlé.

Ẹ ní láti mọ Adémọ́lá. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni wọ́n ti bí i, ní Ọ̀yọ́. Títí di òní, bí mo bá jáde láti iyàrá ní òwúrọ̀, gbogbo ara ló fi ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé títẹ̀ díẹ̀ ti tó, ó ní ìyá ìyàwó òun kì í ṣe ọ̀rẹ́ òun. Kò mọ̀ pé mo wà ní jíìmù. Ó wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, láàrin àwọn irin.

Musa rí i láti ẹ̀yìn. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Daidaita bayanka, Malam," ó ní, pé kó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ó fi ọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀. "Yawwa. Ɗaya." Ení nìyẹn, ó ń kà á fún un bí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá.

Adémọ́lá kò lè dìde, nítorí pé n kò tíì dá a lóhùn. N kò sì lè nawọ́ kàn án lẹ́yìn kí n dá a lóhùn bó ṣe yẹ, nítorí pé bí mo bá fi irin sílẹ̀, ẹ̀rọ á gbé mi, bí mo bá sì fi ìró sílẹ̀, á já. Mo ń rìn, ó ń dọ̀bálẹ̀.

"Biyu," ni Musa wí, èjì, ó ń dúró dè é.

Túndé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Haba, Musa, surukarsa ce." Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

Musa yọ ọwọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Suruka? Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, ọkùnrin kì í tilẹ̀ jókòó síbi tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wà. Ó wo Adémọ́lá nílẹ̀, ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo èmi, ó wá yí ojú sí ògiri. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí, ó pa ẹ̀rọ.

"Dìde, ọkọ mi," mo ní. "Ó tó."

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń lọ sílé, ọ̀nà iwájú nìkan ni àwa méjèèjì ń wò títí a fi yà sí Tayi Village. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, òun náà bá mi rín in. Nígbà tí a rín in tán, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú yín." Mo ní èmi náà kò lè máa mí lójú rẹ̀. Kò padà lọ. Èmi náà kò padà lọ.

Mo tún jókòó. Òjò dé, òjò lọ. Mo rìn yí ilé ká nínú ọgbà, láti ẹnu géètì dé ibi táńkì omi, títí ó fi sú mi, títí Mofẹ́ náà fi kọ́ ọ, tó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn tó di ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe ń ṣe. Ọmọdé ń fi mí ṣeré ẹlẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀ láti gun ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ṣubú. Mofẹ́ wà lẹ́yìn mi. Mo fi àyà gba ilẹ̀ kí n má baà fẹ̀yìn lélẹ̀ lé e lórí, kò ṣe é nǹkan kan, ẹnu tèmi ló bẹ́. Fọlákẹ́ bá wa nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé n kò lè dìde.

Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi omi gbígbóná nu ẹnu mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé ẹ̀ ń rìn dáadáa nígbà tí ẹ̀ ń lọ?"

"Mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀."

Kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. N kò túmọ̀ rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ bá ìgbìmọ̀, tó ní kí wọ́n dá àsìkò obìnrin padà. Mo gbọ́ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ gbá a lójú, ó sì gbà á. Musa náà sọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn. Túndé dìde, ó ní òun kò kọ̀ fún Màmá, Màmá gan-an ló mú kí òun rò ó, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe kíláàsì ní gbogbo ọ̀sán ńkọ́? Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn.

Fọlákẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màmá, ẹ ti borí. Wọ́n ti dá a padà."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sán. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán. Ìgbà yẹn ni ẹnì kankan kò bá wọn du ibẹ̀."

Mo ń wò ó. Ọ̀sán ni Mofẹ́ ń ti jẹ́lé-ó-sinmi dé, tí bọ́ọ̀sì ń já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọ̀sán ni òun wà ní kíláàsì, tí ọkọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì.

"Ta ni yóò wà lọ́dọ̀ ọmọ?" mo ní.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò rò ó. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, ẹnì kan kò rò ó.

"A ó wá nǹkan ṣe sí i, Màmá."

Nígbà tí mo bi í ní ìjọsí pé ìgbà wo ni n óò lọ sílé, ohun tó wí náà nìyẹn. Nígbà tí mo bi í nípa ẹni tí yóò máa bá mi rìn jáde, ohun tó wí náà nìyẹn. N kò dúró de nǹkan tí wọ́n fẹ́ wá. Mo pe Hauwa, mo ní kó gbé kẹ̀kẹ́ wá mú mi. Mo pe Fọlákẹ́ níbi iṣẹ́, mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fún ọ, mo gbà á padà. Mo ń jáde." Ó ní, "Màmá." Mo ní, "Èmi àti Mofẹ́ ni." Mo pa fóònù.

Ladi dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lẹ́yìn mi. Òfin ni pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí irin lè já lù ú. Ó ń ṣàlàyé, ojú ń tì í. Mo ti gbọ́ kó tó parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀já mi so láti padà.

Hauwa ti tú ọmọ kúrò. Híjáàbù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì ráyè bọ́ ọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, ó gbé Mofẹ́ lé ẹsẹ̀.

"Shiga, Kaka," ó ní. "Wọlé. Bí o bá ṣe tán, èmi náà á wọlé."

"Àsìkò rẹ ni èyí o. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni."

"Kaka, oòrùn ń pa mí. Wọlé."

Mo wọlé. Ladi na aṣọ bo gíláàsì. Mo bọ́ ìró, mo gun ẹ̀rọ, rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹsẹ̀ òsì wúwo bí odó. Mo di irin mú. Orúnkún mi ń ké, mo mọ̀ ọ́n lédè méjì.

Kò pẹ́ ni Mofẹ́ bẹ̀rẹ̀ igbe. Mo ti wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí ìwọ́ wà lára rẹ̀, kò sí igbe rẹ̀ tí n kò mọ̀. Ti ebi wà, ti inú rírun wà, ti oorun wà. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Èmi ló ń fẹ́. Mo ń gbọ́ Hauwa tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó ń fi Yorùbá Ìlọrin kọrin tí kò mọ ìparí rẹ̀, ọmọ sì ń na orúkọ mi gùn láti ẹ̀yìn ògiri, "Màmá, Màmá." Ọmú mi tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ta mí kìì.

Ladi wò mí. Ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, ó ń dúró de ohun tí n óò wí.

Mo mi orí fún un pé kó má pa á. Ilẹ̀kùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, kò jìnnà, n kò wò ó. Mo fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Mofẹ́ ṣì ń pè mí. Mo ń gbọ́, mo sì ń rìn.